Augustine ti Hippo àti Egungun Àwọn Ajẹ́rìíkú

Ìtàn tí a mú wá lónìí kì í ṣe ìtàn òrìṣà. Ìtàn ọkùnrin Kristẹni kan ni, ọmọ ilẹ̀ Áfríkà, tí ó kọ ìwé ńlá láti fi bá àwọn òrìṣà Róòmù jà. Bí ó bá mọ̀ wá ni, kò ní yọ́nú sí wa. Síbẹ̀ a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí pé ìbéèrè tí ó bá jìjàkadì ní gbogbo ayé rẹ̀ kan àwa náà: kí ni òkú ń ṣe fún alààyè, kí sì ni agbára tí ó wà nínú egungun?

Ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ kan yìí kí a tó tẹ̀síwájú. Egungun tí kò ní àmì ohùn ni èyí tí ó wà nínú ara ènìyàn. Egúngún tí ó ní àmì ohùn òkè ni ará ọ̀run tí ó ń jáde ní aṣọ. Ní Cuba àmì ohùn ti sọnù lẹ́nu wa, gbogbo òkú ni a ń pè ní egún. Nínú ìtàn yìí, egungun inú ara ni a ń wí.

A bí Augustine ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354 ní Thagaste, ìlú kékeré tí a ń pè ní Souk Ahras lónìí, ní orílẹ̀-èdè Algeria. Patricius ni bàbá rẹ̀, kò sì di Kristẹni títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kú. Monica ni ìyá rẹ̀, òun ti wà nínú ìgbàgbọ́ láti kékeré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ di ọmọ Ilé-Ifẹ̀: aṣálẹ̀ Sàhárà wà láàárín ilẹ̀ wọn àti ilẹ̀ Yorùbá, èdè Látìn ni ó sì fi ń ronú. Ṣùgbọ́n ọmọ Áfríkà ni, kò sì sẹ́ ẹ rí.

Ní ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí, àwọn ènìyàn máa ń bá òkú wọn jẹun. Wọ́n ń tẹ́ tábìlì òkúta sórí ibojì, wọ́n ń jókòó yí i ká ní ọjọ́ ìrántí, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n sì ń ta ọtí sílẹ̀ fún ẹni tí ó sùn nísàlẹ̀. Ní Tipasa, létí òkun, irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ṣì wà tí a lè fi ojú rí. Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ di Kristẹni, wọn kò fi àṣà yìí sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ibojì àwọn ajẹ́rìíkú, àwọn tí ìjọba Róòmù pa nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ajẹ́rìíkú tí ó tóbi jù lára wọn ni Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 258 tí wọ́n fẹ́ bẹ́ ẹ lórí, àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ tẹ́ aṣọ síwájú rẹ̀ nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

Ìgbà èwe rẹ̀ kò ní gbà wá ní àkókò púpọ̀. Ó kàwé ní Madauros àti ní Carthage, ó ní obìnrin kan tí kò fẹ́ ní ìyàwó, ó sì bí ọmọkùnrin kan fún un tí wọ́n sọ ní Adeodatus. Ó wà nínú ẹ̀sìn Mani fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí a ti ń sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn. Ní ọdún 383 ó fẹ́ lọ sí Róòmù, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó lọ. Ó tan ìyá rẹ̀ jẹ. Ó sọ fún un pé òun kàn fẹ́ sin ọ̀rẹ́ òun dé ẹnu ọkọ̀ ni, kí ó lọ sùn sí ojúbọ Cyprian tí ó wà nítòsí èbúté. Monica wà níbẹ̀ ní gbogbo òru, ó ń sunkún, ó ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi mímọ́ yẹn pé kí ọmọ òun má lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ti ṣí. Augustine fúnra rẹ̀ ni ó kọ èyí sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà, kò sì dá ara rẹ̀ láre.

Ní ọdún 384 ó rí iṣẹ́ olùkọ́ ńlá ní Milan, níbi tí ọba Róòmù ń gbé nígbà náà. Monica tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Bí ó ti máa ń ṣe ní ilé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó di oúnjẹ ọkà, búrẹ́dì àti wáìnì sínú rẹ̀, ó sì lọ sí ibojì àwọn ajẹ́rìíkú Milan. Aṣọ́nà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Ambrose bíṣọ́ọ̀bù ti fòfin de gbígbé oúnjẹ wọlé fún òkú, nítorí àwọn ọ̀mùtí, àti nítorí pé ó jọ ohun tí àwọn abọ̀rìṣà ń ṣe ní ọjọ́ àjọ̀dún àwọn baba ńlá wọn. Monica kò jiyàn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, láti ọjọ́ náà lọ ó ń fi àdúrà dípò oúnjẹ, ó sì ń fún àwọn tálákà ní ohun tí ó bá lè fún wọn. Ọmọ rẹ̀ sọ pé bí ó bá ṣe ẹlòmíràn ni ó dá a dúró, bóyá ìyá òun kò bá gbà. Ó gbà nítorí pé ó fẹ́ràn Ambrose.

A dúró díẹ̀ síbi apẹ̀rẹ̀ yìí. Àwa tí a ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún egún kí a tó ṣe ohunkóhun fún òrìṣà, a mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà yẹn. Àwọn àgbà wa ní ikú ló bí òrìṣà. Ẹ̀sìn tí Monica ń ṣe ní Áfríkà mọ ọ̀rọ̀ náà, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Milan, wọ́n fẹ́ kí òkú wà, ṣùgbọ́n kí ó má jẹun mọ́.

Kò pẹ́ tí Ambrose kan náà fi gbẹ́ ilẹ̀. Ọdún 386 ni. Justina, ìyá ọba Valentinian Kejì tí ó ṣì kéré, fẹ́ gba ilé ìjọsìn kan fún ẹgbẹ́ Kristẹni tirẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà pé Ọmọ kò bá Baba dọ́gba. Àwọn ọmọ-ogun yí ilé náà ká. Àwọn ọmọ ìjọ ti ara wọn mọ́ inú ilé pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń ṣọ́ òru, wọ́n ń kọrin. Monica wà láàárín wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Ambrose fẹ́ ya ilé ìjọsìn tuntun sí mímọ́, àwọn ènìyàn sì ní kí ó fi egungun àwọn ajẹ́rìíkú yà á sí mímọ́. Ó ní bí òun bá rí wọn. Ó gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ojúbọ Felix àti Nabor, ó sì rí ọkùnrin méjì tí wọ́n ga ju àwọn ènìyàn ìgbà náà lọ, gbogbo egungun wọn pé, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ sí arábìnrin rẹ̀ Marcellina. Gervasius àti Protasius ni a pe orúkọ wọn. Bí wọ́n ti ń gbé wọn lọ, afọ́jú kan tí ń jẹ́ Severus, ẹni tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ alápatà kí ojú rẹ̀ tó fọ́, fọwọ́ kan aṣọ tí ó bò wọ́n, ó sì ríran. Ìlú mì. Àwọn ará ilé Justina ní irọ́ ni, pé ọkùnrin náà kò fọ́jú rí. Ṣùgbọ́n ìjà wọn rọlẹ̀.

Àwa kò ní ṣe bí ẹni pé a kò rí i: egungun náà dé ní ọjọ́ gan-an tí Ambrose nílò rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ pé òṣèlú ni. Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí Ifá rí mọ̀ pé ohun tí a nílò máa ń dé ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀, èyí kò sì sọ ọ́ di irọ́. Ibi tí Ambrose ti fẹ́ kí wọ́n sin òun lábẹ́ pẹpẹ ni ó gbé wọn sí, ó kàn fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ní ọdún 397 wọ́n sin ín tì wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀, ní aṣọ, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn Sant'Ambrogio.

Augustine wà ní Milan nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Ó ti ń gbọ́ ìwàásù Ambrose, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbọ́ tán. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ọkàn rẹ̀ yí padà nínú ọgbà kan, ní òru Àjíǹde ọdún 387 Ambrose sì ri í bọmi, òun àti Adeodatus. Kí ẹ sì wò ó: fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà kò ka iṣẹ́ ìyanu egungun sí pàtàkì. Nínú ìwé tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 390 nípa ẹ̀sìn tòótọ́, ó ní Ọlọ́run kò jẹ́ kí iṣẹ́ ìyanu ti ìgbà àwọn àpọ́sítélì máa bá a lọ títí dé ìgbà tiwọn. Ó mọ̀ nípa Severus. Ó kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Monica kú ní ọdún 387 kan náà ní Ostia, èbúté Róòmù, nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sí Áfríkà. Ó wà nínú ọdún 56 ọjọ́ orí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí ó ti ṣètò ibojì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ ní Thagaste, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an. Nígbà tí ikú dé, ó ní kí wọ́n sin òun síbikíbi, kí wọ́n kàn máa rántí òun níbi pẹpẹ. Lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ní 1430, wọ́n gbé egungun tí wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni lọ sí Róòmù. Ní 1945 àwọn ọmọdé kan ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Ostia níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, wọ́n sì hú àfọ́kù òkúta ibojì rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sí i lára.

Ní 388 Augustine padà sílé. Adeodatus kú kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Ní 391 àwọn ará Hippo, ìlú etí òkun tí a ń pè ní Annaba lónìí, fi tipátipá sọ ọ́ di àlùfáà. Kí ni ó kọ́kọ́ dojú kọ? Apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ̀. Ní ọdọọdún, ní ọjọ́ àjọ̀dún Leontius, ẹni tí ó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù wọn nígbà kan rí, àwọn ará Hippo máa ń jẹ, wọ́n máa ń mu yó nínú ilé ìjọsìn, wọ́n ń pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ayọ̀. Ní 395 ó dìde sí i. Ó wàásù, ó ka ìtàn ère màlúù wúrà láti inú Ìwé Mímọ́, ó sunkún níwájú wọn, àwọn náà sunkún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àwọn kan ṣì ń kùn pé àwọn tí ó ti gbà á láàyè tẹ́lẹ̀ ha kì í ṣe Kristẹni ni? Ó ti pinnu pé bí wọn kò bá gbọ́, òun yóò gbọn aṣọ òun, òun yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bí wọ́n ti ń ka orin Dáfídì nínú ilé tiwọn, wọ́n ń gbọ́ ariwo àwọn ẹlẹ́yà-ìjọ kejì láti ilé ìjọsìn tiwọn, àwọn yẹn ń jẹ, wọ́n ń mu bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ìdáhùn tí ó fún àwọn tí ń kùn ni a fẹ́ kí ẹ kíyèsí jù lọ. Ó ní nígbà tí inúnibíni dópin, tí ogunlọ́gọ̀ àwọn abọ̀rìṣà ń wọlé, ohun tí ó ń dá wọn dúró ni pé wọn kò fẹ́ pàdánù ọjọ́ àjọ̀dún tí wọ́n ti ń bá òrìṣà wọn jẹ, tí wọ́n ti ń bá wọn mu. Àwọn bàbá ìjọ fàyè gbà wọ́n, pé kí wọ́n máa ṣe àjọ̀dún fún àwọn ajẹ́rìíkú dípò, kí ọkàn wọn lè yí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Lukumí, ẹ ti mọ ìtàn yìí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn baba wa ní Cuba dúró níwájú Santa Bárbara ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Àyè tí ìjọ fi sílẹ̀ kí ọkàn àwọn abọ̀rìṣà lè yí padà, ibẹ̀ gan-an ni àwọn baba wa gbé òrìṣà wọn sí. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀. Láti àpérò Nicaea Kejì ní 787 ni ìjọ ti pàṣẹ pé kí a má ya ilé ìjọsìn sí mímọ́ láìsí egungun ajẹ́rìíkú nínú rẹ̀. Nítorí náà òkú wà nínú pẹpẹ tí àwọn ẹrú wọ̀nyẹn ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Augustine di bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní nǹkan bí 395 sí 396. Ní àkókò rẹ̀ egungun ti di ọjà. Ọba Theodosius ti ṣe òfin ní 386 pé kí ẹnikẹ́ni má pín ara ajẹ́rìíkú, kí ẹnikẹ́ni má sì tà á. Òfin náà kò dá wọn dúró. Augustine kọ̀wé nípa àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n wọ aṣọ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, tí wọ́n ń kiri ìlú, tí wọ́n ń ta apá àti ẹsẹ̀ ajẹ́rìíkú, bí ó bá jẹ́ ti ajẹ́rìíkú nítòótọ́. Ní 401 àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfríkà pàdé ní Carthage, wọ́n ní kí a wó àwọn pẹpẹ tí àwọn ènìyàn ń mọ sí ẹ̀bá ọ̀nà àti inú oko nítorí àlá tí wọ́n lá, bí kò bá sí egungun tí a mọ̀ dájú nísàlẹ̀ wọn. A ń ka èyí, a sì ń rántí àwọn tí ń ta òkúta òrìṣà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé a ti bọ ọ́ tán, láìsí ìyá, láìsí bàbá, láìsí ìran tí a lè pè níbi ìjúbà. Èyí tí Augustine béèrè nígbà náà ni àwa náà ń béèrè: ta ni ó fi lé ọ lọ́wọ́?

Lẹ́yìn náà ni Stephen dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 415, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Lucianus, nítòsí Jerúsálẹ́mù, sọ pé Gamaliel fi ibojì Stephen, ajẹ́rìíkú àkọ́kọ́, han òun lójú àlá. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n rí i. Orosius, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Spéìn tí Augustine rán lọ bá Jerome, wà lọ́hùn-ún nígbà náà. Wọ́n fún un ní díẹ̀ láti gbé lọ sílé. Ogun kò jẹ́ kí ó dé ilé; ó dé erékùṣù Minorca, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Minorca kò dára, a kò sì ní bò ó. Ìtara gba àwọn Kristẹni ibẹ̀, ní 418 ilé ìjọsìn àwọn Júù jóná, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ sì fi yangàn pé 540 Júù ti di Kristẹni. Egungun ẹni tí wọ́n sọ ní òkúta pa ni wọ́n fi ṣe ìyẹn.

Láti ọwọ́ kan sí èkejì, díẹ̀ nínú rẹ̀ dé Uzalis lọ́dọ̀ Evodius, ọ̀rẹ́ Augustine, ní nǹkan bí 424 sì ni ó dé Hippo. Eruku díẹ̀ ni. Díákónì Eraclius kọ́ ojúbọ kékeré fún un. Ibẹ̀ ni Augustine ti yí padà. Àwọn aláìsàn ń rí ìwòsàn, òun sì ní kí ẹni tí ara rẹ̀ bá yá kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kà á síta fún ìjọ. Kò tíì pé ọdún méjì tí ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 70 ní Hippo nìkan. Èyí wù wá púpọ̀. Àwa tí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àgbà wa ní Cuba ti gbà kúrò lọ́wọ́ ìgbàgbé mọ iyì ohun tí a kọ sílẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó lókìkí jù ni ti Paulus àti Palladia, ará Kesaréà ti Kapadókíà. Ọmọ mẹ́wàá ni ìyá wọn bí, ọkùnrin méje, obìnrin mẹ́ta. Bàbá wọn kú, àwọn ọmọ hùwà àìdáa sí opó náà, ó sì ṣépè lé gbogbo wọn. Èpè ìyá mú wọn: gbogbo ara wọn ń gbọ̀n láìdúró. Ojú tì wọ́n láti máa gbé ìlú wọn, wọ́n fọ́n ká ayé. Àwọn méjì yìí rìn títí wọ́n fi dé Hippo ṣáájú àjọ̀dún Àjíǹde. Ní òwúrọ̀ Àjíǹde, Paulus di irin ojúbọ Stephen mú, ó ṣubú bí ẹni tí ó sùn, nígbà tí ó dìde kò gbọ̀n mọ́. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà Augustine mú kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dúró lórí àtẹ̀gùn níwájú gbogbo ìjọ nígbà tí wọ́n ń ka ìwé ẹ̀rí, ọ̀kan dúró ṣinṣin, èkejì ń gbọ̀n. Bí ó ti ń wàásù lórí rẹ̀, ariwo ta láti ojúbọ: Palladia náà ti yá.

Ní 426 sí 427, nígbà tí ó ń tún gbogbo ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò, ó padà sí ọ̀rọ̀ tí ó ti kọ ní 390, ó sì ní kí a má gbà á bẹ́ẹ̀. Ó dárúkọ afọ́jú Milan. Ogójì ọdún ni ó gbà á.

Ṣùgbọ́n kò fi agbára sínú egungun fúnra rẹ̀. Ó tẹnu mọ́ ọn pé a kì í rúbọ sí ajẹ́rìíkú, Ọlọ́run àwọn ajẹ́rìíkú ni a ń rúbọ sí. Ní nǹkan bí 421, Paulinus ti Nola kọ̀wé sí i nípa obìnrin kan, Flora, tí ó fẹ́ kí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ Cynegius sí ẹ̀gbẹ́ Felix Mímọ́: ǹjẹ́ ó ṣe òkú náà láǹfààní? Augustine dáhùn pé ibi tí a sin ín sí kò ṣe é ní nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ibojì tí ó dára jẹ́ ìtùnú fún alààyè. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá rántí ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, yóò rántí ajẹ́rìíkú tí ó wà níbẹ̀, yóò gbàdúrà sí i, àdúrà náà ni yóò ran ọmọ lọ́wọ́. Bí àwọn ajẹ́rìíkú ti ń ran ènìyàn lọ́wọ́ ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó jẹ́wọ́ pé ó ju òye òun lọ. A kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ nípa ibi. Fún wa, ilẹ̀ tí òkú wà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ lórí ìrántí, àwa tí a ń pe orúkọ òkú lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó da obì kò lè bá a jiyàn.

Ní 430 àwọn Vandal yí Hippo ká. Augustine dùbúlẹ̀ àìsàn nínú oṣù kẹta ìsémọ́ náà. Wọ́n gbé aláìsàn kan wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ pé kí ó gbé ọwọ́ lé e. Ó ní bí òun bá ní irú agbára bẹ́ẹ̀ ni, ara òun ni òun ìbá kọ́kọ́ fi wò sàn. Ó gbé ọwọ́ lé e síbẹ̀, ọkùnrin náà sì lọ sílé ní àlàáfíà. Possidius, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, ni ó sọ èyí. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, ọmọ ọdún 75. Kò pín ogún, nítorí kò ní nǹkan kan tí yóò pín, àfi àwọn ìwé tí ó ní kí wọ́n tọ́jú.

Egungun rẹ̀ kò sinmi. Wọ́n gbé e kọjá òkun lọ sí Sardinia. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń kọlu erékùṣù náà, Liutprand ọba àwọn Lombard ránṣẹ́, ó san owó ńlá, ó sì gbé e lọ sí Pavia. Ọkùnrin tí ó fi àwọn tí ń ta egungun ṣe ẹlẹ́yà, owó ni wọ́n fi rà á. Ó sọnù síbẹ̀ nínú ilé ìjọsìn San Pietro in Ciel d'Oro títí àwọn òṣìṣẹ́ fi bá àpótí kan pàdé ní 1695. Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ fún ọdún 33 kí Pópù tó sọ ní 1728 pé òun ni. Ní 1842, lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti gba Algeria, wọ́n gé egungun apá kan fún ìlú rẹ̀. Lórí òkè tí ó kọjú sí àlàpà Hippo ni ilé ìjọsìn tí ó wà nínú rẹ̀ wà, ní Annaba, ní àárín àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń ké pe Allah.